Ọ̀rọ̀ Tó Ń Yọ Obì, Ọ̀rọ̀ Tó Ń Yọ Ọfà: Ẹ̀kọ́ Ìtàn fún Àwọn Ọmọ Girama ní Sabon Gari

Bí olùkọ́ ìtàn bá fẹ́ ṣàlàyé ìpolongo ẹ̀tàn fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Jámánì ni ìwé sábà máa ń gbé e lọ: Hitler, Goebbels, rédíò, àsíá. Bó bá kan bí orílẹ̀-èdè ṣe ń fi àṣà wá ojúrere lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n á mẹ́nu ba Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà nígbà tí àwọn méjèèjì ń fi olórin àti oníjó díje káàkiri ayé. Ó dára kí ọmọ mọ ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ní Sabon Gari ní Kánò, ọmọ tó ń gba Yoruba Road lọ sílé ẹ̀kọ́, tó sì ń gba Ibo Road darí wálé, ibi tí nǹkan méjèèjì ti ṣẹlẹ̀ ló ń rìn kọjá. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó ré òkun kọjá. Mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò látòkè délẹ̀: ohun tó wà nílẹ̀ láti kọ́, ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù nínú rẹ̀, àti bí mo ṣe rò pé ó yẹ ká ṣe é.

Ojú irin wọ Kánò ní 1911. Àwọn tó bá a dé, akọ̀wé, mẹkáníìkì, télọ̀ àti oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá, láti ilẹ̀ Ìgbò, láti Gold Coast àti Sàró, ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí wọ́n gbé inú odi pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n gbé àdúgbò àwọn òyìnbó. Wọ́n la ilẹ̀ ọ̀tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Òun ni Sabon Gari. Ní Ìbàdàn, ní 1916, irú ètò bẹ́ẹ̀ ló bí Ṣábó fún àwọn Haúsá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àwòrán ilẹ̀ ìlú méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò rí i pé kì í ṣe inú ìwé ìròyìn nìkan ni ìjọba ti ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ìlà tí wọ́n fà sórí ilẹ̀ ń sọ ẹni tó jẹ́ onílé àti ẹni tó jẹ́ àlejò, ó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n sì sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Mo ka èyí sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, torí ọmọ tí ó bá yé kò ní máa rò pé irọ́ pípa nìkan ni ìpolongo ẹ̀tàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ẹnì kan ló kàn jókòó, tó yan ohun tí ojú àwọn yòókù yóò máa rí.

Ẹ wo ti ẹṣin. Kò sí ọmọ tó dàgbà ní Kánò, ìbáà jẹ́ Yorùbá, ìbáà jẹ́ Ìgbò, tí kò mọ bí ìlú ṣe ń rí nígbà tí Ẹ́míà bá gun ẹṣin jáde lọ́jọ́ Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀: ìlù, kàkàkí, láwàní gìrìwò, àwọn ẹṣin tí aṣọ ọrùn wọn ń dán yanran nínú oòrùn. Àṣà náà ti wà kí Gẹ̀ẹ́sì tó fi ogun gba Kánò ní 1903. Àwọn amúnisìn rí agbára tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì mú un lò bí wọ́n ti lo irú rẹ̀ ní Íńdíà. Nígbà tí Prince of Wales, àrólé ọba Gẹ̀ẹ́sì, dé Kánò ní 1925, ogunlọ́gọ̀ ẹlẹ́ṣin ló kọjá níwájú rẹ̀. Ní 1956 wọ́n tún ṣe é fún Ọbabìnrin Elizabeth ní Kaduna. Ẹni tó bá rí fọ́tò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò gbà pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ gbogbo ará Àríwá lọ́rùn. Ohun tí fọ́tò náà wà fún gan-an nìyẹn. Ìjọba tiwa náà kò jẹ́ kí ẹṣin náà sinmi. Ní FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú àgbáyé, láàárín 15 oṣù Kìíní sí 12 oṣù Kejì 1977, Kaduna ni wọ́n ti ṣe ti àwọn ẹlẹ́ṣin, kí àwọn àlejò dúdú láti gbogbo ayé lè rí i pé Nàìjíríà ní ohun tó ju epo rọ̀bì lọ. Ní oṣù Kejìlá 2024, UNESCO fi ti Kánò kún àwọn àjogúnbá tó jẹ́ ti gbogbo aráyé. Bí olùkọ́ bá bi àwọn ọmọ léèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìgbà wọ̀nyí pé ta ló ń wòran, ta ló sì sanwó, kíláàsì yóò gbóná láìjẹ́ pé ó kọ nǹkan kan sí pátákó.

Nígbà tí a sì ti dárúkọ FESTAC, ẹ má jẹ́ ká fi Fẹlá olórin sílẹ̀. Ó kọ̀ láti bá wọn kópa, ó ń ṣe eré tirẹ̀ ní Shrine, gbọ̀ngàn eré rẹ̀, àwọn àlejò FESTAC sì ń lọ gbọ́ ọ níbẹ̀. Ní 18 oṣù Kejì, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún náà parí, àwọn sójà sun ilé rẹ̀, Kalakuta. Ìjọba kan náà tó ń fi àṣà kí ayé káàbọ̀ ló rán wọn níṣẹ́. Ọmọ tó bá ka ìtàn ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn dáadáa kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àṣà tí ìjọba gbé jáde kì í ṣe gbogbo àṣà tó wà nílé.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ìpolongo di iṣẹ́ ọ́fíìsì pátápátá. Ní 1939 Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ láti máa ṣe sinimá fún àwọn tí wọ́n ń jọba lé lórí. Mọ́tò ló ń gbé sinimá náà kiri Àríwá, àwọn Haúsá sì ń pè é ní majigi. Bí mọ́tò náà bá dé, wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbangba, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, ọkùnrin kan á sì di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, á máa fi èdè Haúsá ṣàlàyé ohun tó ń kọjá lórí aṣọ náà. Èèyàn á jókòó sílẹ̀, ọmọdé níwájú, àgbà lẹ́yìn. Wọ́n á rí ogun, wọ́n á rí oko ẹ̀pà àti òwú, wọ́n á rí bí a ṣe ń dènà ìgbóná, wọ́n á rí ìdílé òyìnbó kan nílé rẹ̀ nínú Mr English at Home tí wọ́n ṣe ní 1940. Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ kó tó wò ó. Ọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú yìí ni mo fẹ́ kí olùkọ́ dúró lé lórí. Ọmọ ilẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ni ará ìlú mọ̀, òun ni wọ́n gbà gbọ́, òun sì nìkan ló mọ ohun tó fi kún un àti ohun tó yọ kúrò.

Sinimá kan wà nínú irú wọn tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Daybreak in Udi ni, ti 1949. Ó fi hàn bí àwọn ará abúlé kan ní ilẹ̀ Ìgbò ṣe pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, pẹ̀lú D.O. òyìnbó, alákòóso àgbègbè náà, tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Lóòótọ́ ni irú iṣẹ́ àjọṣe bẹ́ẹ̀ ń lọ ní Udi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ọlọ́pàá ìjọba yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, ní Enugu tí kò jìnnà sí Udi rárá. Kí olùkọ́ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì síwájú ọmọ lọ́jọ́ kan náà. Kò pọn dandan kó sọ fún wọn pé sinimá náà purọ́, torí kò purọ́.

Ibi tí fífi àṣà wá ojúrere ti tako ẹni tó gbé e kalẹ̀ náà wà, ó sì wù mí púpọ̀. Ní 1943, British Council pe àwọn olóòtú ìwé ìròyìn mẹ́jọ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá sí Ìlú Ọba, kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń jagun. Nnamdi Azikiwe wà níbẹ̀. Abubakar Imam náà wà níbẹ̀, ọ̀gá àwọn tó ń kọ Gaskiya Ta Fi Kwabo, ìwé ìròyìn Haúsá tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Zaria ní oṣù Kìíní 1939. Àwọn tó pè wọ́n ń retí pé wọn yóò padà lọ kọ ìyìn. Azikiwe, tí wọ́n ń pè ní Zik, lo àǹfààní náà láti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún ìjọba pé ìlérí òmìnira tó wà nínú Atlantic Charter kan àwa náà, àti pé láàárín ọdún 15 kí àwọn orílẹ̀-èdè wa máa ṣàkóso ara wọn. Imam kò bá wọn fọwọ́ sí i. Ó lọ rí Lugard, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní Nàìjíríà, nílé rẹ̀, ó sì padà wálé kọ ìwé kan nípa ìrìn àjò náà, Tafiya Mabudin Ilmi, tó jáde ní 1944. Wọ́n jọ jẹun lórí tábìlì kan náà, olúkúlùkù sì mú ohun ọ̀tọ̀ bọ̀ wálé. Ẹni tí wọ́n ń tàn kì í ṣe ìkòkò òfìfo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí èyí kò ní máa fojú aláìmọ̀kan wo àwọn bàbá rẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá kan Sabon Gari gbọ̀ngbọ̀n.

Ní 31 oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro ti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) gbé àbá kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Ahmadu Bello, Sardauna, ní kí wọ́n yí i padà sí ìgbà tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe, bínú jáde. Nígbà tí àwọn aṣòfin Àríwá bọ́ síta, èrò Èkó hó lé wọn lórí, wọ́n bú wọn, àwọn ìwé ìròyìn Èkó náà sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Sardauna kò gbàgbé. Ó sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, My Life, títí kan èébú tó ń bá wọn nínú ọkọ̀ ojú irin lójú ọ̀nà ilé. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ní í yọ ọfà lápó. Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín ní Èkó, ọfà ni nígbà tó dé Kánò.

Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wá pinnu pé àwọn yóò lọ ṣàlàyé ara wọn fún ará Àríwá. S. L. Akintola ni wọ́n ní kó ṣáájú, Sabon Gari ni wọ́n fẹ́ lò. Lójú tiwọn, ìlàlóye ni. Lójú àwọn aṣáájú Kánò, ẹni tó bú ni lóde Èkó ló tún fẹ́ wá bú ni nílé. Ní 15 oṣù Karùn-ún, Inuwa Wada, ọ̀kan nínú wọn, bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ líle, ó ní kí wọ́n má gbà. Àwọn aláṣẹ fagi lé ìpàdé náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu. Láti ọjọ́ Sátidé 16 títí di 19 oṣù náà ni ìjà fi jà. Ìwé àbọ̀ ìwádìí ìjọba ka òkú 36, nínú àwọn Haúsá àti nínú àwọn ará Gúúsù. Ẹ sì gbọ́ èyí: ẹgbẹ́ tí Yorùbá pọ̀ sí jù ló pe ìpàdé, síbẹ̀ Ìgbò tó ń gbé Sabon Gari ni ìyà náà jẹ jù láàárín àwọn ará Gúúsù. Nígbà tí ìpolongo bá ti sọ èèyàn di agbo kan ṣoṣo, kì í béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́.

Apá kan ìtàn yìí wà tí àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ kì í so mọ́ ọn, ó sì yẹ kí wọ́n so ó. Nínú wàhálà ọdún 1953 yìí kan náà, Gómìnà Macpherson lọ sórí rédíò ìjọba, ó bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wí. Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò gbà fún un. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, tí WNTV fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. A máa ń fi èyí yangàn, ó sì tọ́ ká fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ìlà Oòrùn dá tirẹ̀ sílẹ̀, Àríwá náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kaduna ní 1962. Kò sí ibi kan tí ẹnì kan ti lè sọ̀rọ̀ kí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fèsì fún etí kan náà láti gbọ́. Kálukú ń bá ọmọ ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ilé kejì.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìyẹn gbé wa dé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1966, nígbà tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ Ìgbò ní Àríwá láti oṣù Karùn-ún, Rédíò Kútọnu sọ pé wọ́n ń pa àwọn ará Àríwá ní Ìlà Oòrùn. Rédíò Kaduna gbé ìròyìn náà fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ní Kánò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, ní Sabon Gari àti ní pápákọ̀ òfuurufú, nínú èyí tí àwọn sójà náà ti lọ́wọ́ sí ìpànìyàn, ó wà lára ìdí tí ogun fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èmi ò sọ pé rédíò ló dá ìkórìíra sílẹ̀. Mo ń sọ pé ó dé ibi tí ìkórìíra wà, kò sì sí ohùn kejì tí etí náà gbà gbọ́ láti dá a dúró. Rwanda rí irú rẹ̀ ní 1994 pẹ̀lú rédíò RTLM, débi pé ní 2003 ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Arusha dá àwọn tó wà nídìí rédíò náà lẹ́bi. Láti ibẹ̀ ni olùkọ́ ti lè padà sọ́dọ̀ Goebbels, bó bá fẹ́.

Ogun yẹn, ogun Biafra, ní ìpolongo lọ́tùn-ún lósì, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Biafra gba ilé iṣẹ́ Markpress ní Geneva láti máa kọ ìròyìn rẹ̀ fún ayé; àwòrán ọmọ tí ebi ti sọ di egungun ló mú Yúróòpù sunkún. Nàìjíríà náà pe àwọn alákìíyèsí láti ilẹ̀ òkèèrè wá ní 1968, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé wọ́n fẹ́ pa ìran Ìgbò run. Ebi náà jẹ́ òótọ́. Ìwé àwọn alákìíyèsí náà wà lóòótọ́. Ohun tó yẹ kí ọmọ béèrè ni ibi tí wọ́n mú àwọn alákìíyèsí lọ àti ibi tí wọn kò mú wọn dé, àti ohun tí àwọn tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ ń retí pé kí ẹni tó rí i ṣe.

Lọ́dọ̀ tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn Mbari ló sún mọ́ wa jù. Ní 1961, ní Ìbàdàn, Ulli Beier, Wole Soyinka, J. P. Clark, Christopher Okigbo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni iná náà ti ràn dé Òṣogbo, níbi tí Dúró Ládiípọ̀ ti gbé Ọba Kò So jáde, tí wọ́n sì pè é lọ ṣe é ní Berlin ní 1964. Owó tó ran Mbari lọ́wọ́ gba ọwọ́ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom kọjá. Ní 1966 àti 1967 ni àṣírí tú pé CIA ti Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn owó náà. Àwọn òǹkọ̀wé náà kò mọ̀. Ṣé ìyẹn wá sọ Ọba Kò So di ìpolongo Amẹ́ríkà? Rárá o. Èmi kò rí ìlà kan nínú eré náà tí Ṣàǹgó ti ń jíṣẹ́ fún Washington. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wa ni láti bínú pé wọ́n fi orísun owó náà pamọ́ fún wa, torí ọ̀rẹ́ tó bá fi ojú pamọ́ nígbà tó ń fúnni lẹ́bùn ti gba ẹ̀tọ́ àtikọ ẹ̀bùn náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń fún. Ní ìdàkejì, Louis Armstrong tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti fi fèrè rẹ̀ ṣojú wọn, gbangba ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1957, nígbà tí wọ́n ń lé ọmọ dúdú sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ní Little Rock, ó ní òun kò ní lọ sí Rọ́ṣíà fún ìjọba náà. Aṣojú tó lè bá ẹni tó rán an wí ni, ìyẹn sì yàtọ̀ sí agbohùnsókè.

Lónìí, àwọn ohùn náà ti pọ̀ sí i. BBC ti ń sọ Haúsá láti 13 oṣù Kẹta 1957, Deutsche Welle láti 1963; VOA bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1979. Beijing náà ní ti Haúsá. BBC bẹ̀rẹ̀ Yorùbá àti Ìgbò ní 2018, owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣáínà ṣèlérí ní 2015 láti gbé tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì dé abúlé 10,000 ní Áfíríkà, ilé iṣẹ́ StarTimes ló sì gba iṣẹ́ náà ṣe, Nàìjíríà wà lára wọn. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. N kò gbà. Nígbà wàhálà Suez ní 1956, BBC jẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ alátakò sọ̀rọ̀ tako ogun tí ìjọba tó ń fún un lówó ń jà lọ́wọ́, bó tilẹ̀ bí ìjọba náà nínú. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí rédíò Macpherson ṣe sí Awólọ́wọ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ibi tí mo ti ń fa ìlà nìyí: ǹjẹ́ ẹni tó ń sanwó fi ojú hàn, ǹjẹ́ ẹni tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè fèsì níbẹ̀ kí etí kan náà gbọ́ ọ? Ìwọ̀n yìí ṣeé gbé lé ẹlẹ́ṣin, sinimá, fọ́tò ebi, àti fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp láàárọ̀ yìí.

Àwọn tó ní ká má kọ́ ọmọ ní nǹkan wọ̀nyí pọ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí ní Sabon Gari ní ojú egbò ni, pé kíláàsì tí Haúsá, Yorùbá àti Ìgbò jọ jókòó sí kọ́ ni ibi tó yẹ ká ti máa ka òkú. Ẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní oṣù Keje 1999, ìjà Orò ní Ṣàgámù láàárín Yorùbá àti Haúsá kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi dé Kánò, tí wọ́n sì gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá tí kò mọ Ṣàgámù rí. Ní oṣù Karùn-ún 2014 bọ́ǹbù dún ní Gold Coast Road ní Sabon Gari. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ń gbọ́ ọ nílé, ìlà kan péré ló sì ń gbọ́: ohun tí wọ́n ṣe sí wa. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá dákẹ́, ìlà kan yẹn nìkan ni yóò kù.

Ẹ̀rù kejì jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Olùkọ́ kan lè kọ́ ọmọ títí tí ọmọ náà yóò fi parí rẹ̀ sí pé irọ́ ni gbogbo wọn ń pa, kò sí ẹni tó ṣeé gbà gbọ́. Ẹni tí oúnjẹ kan pa lára, tó wá kọ oúnjẹ pátápátá, ebi ni yóò pa á. Ọmọ tí kò gba nǹkan kan gbọ́ ni àhesọ ń rí mú jù, torí kò sí ẹ̀rí tó lè yí i lọ́kàn padà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n máa fi ìtàn El Dunya kún un. Ní 13 oṣù Karùn-ún 1951, ilé sinimá El Dunya ní Kánò jóná, èèyàn tó lé ní 300 ló kú. Àhesọ gba ìlú pé torí sinimá kan tó jẹ́ èèwọ̀ ni iná fi jó. Ìwádìí rí i pé fíìmù tó ń tètè gbiná ló fà á. Ẹ̀rí wà, ó ṣeé yẹ̀ wò, àwọn kan jókòó wá a rí. Ọmọ gbọ́dọ̀ rí i pé ìwádìí òótọ́ máa ń ṣẹlẹ̀, kó má baà rò pé àfi ariwo méjì tó ń lu ara wọn ló wà láyé.

Ti àkókò náà wà. Ìran kan ló kọjá nínú ilé ẹ̀kọ́ kékeré wa láìkọ́ Ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ìtàn Nàìjíríà yóò di dandan láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ wọn ló wà nínú ìran tí a fi Ìtàn dù. Ìwé ni wọ́n nílò, kì í ṣe ìkéde.

Ohun tí mo dábàá kò le. Awo tí Awólọ́wọ̀ kọ jáde ní 1960, My Life ti Sardauna jáde ní 1962, ilé iṣẹ́ kan náà ní Cambridge ló sì tẹ méjèèjì. Fugitive Offender ti Enahoro tẹ̀ lé wọn ní 1965. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ojú ìwé mélòó kan wà tó sọ nípa oṣù Kẹta àti oṣù Karùn-ún 1953. Kí olùkọ́ ṣe ẹ̀dà wọn. Kí ó fún ọmọ Yorùbá ní ti Sardauna, kó fún ọmọ Haúsá ní ti Awólọ́wọ̀, kó fún ọmọ Ìgbò ní ti Enahoro. Kí ó ní kí olúkúlùkù dúró, kó ṣàlàyé ohun tí òǹkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ rí àti ìdí tó fi dùn ún, láìdá a lẹ́bi kí ó tó parí. Ìgbà tí ọmọ Yorùbá bá fi ẹnu ara rẹ̀ ka bí èébú Èkó ṣe bá Sardauna délé, ìgbà yẹn ni kí olùkọ́ gbé ìwé àbọ̀ ìwádìí ìjọba jáde, kí gbogbo wọn jọ wo ohun tó fara mọ́ tàbí tó tako nínú ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta náà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá béèrè ẹni tó kọ ìwé àbọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí ìjọba amúnisìn tó ṣe ìwádìí náà kò sí lókè ọ̀rọ̀.

Ìwé àbọ̀ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Kaduna ni ìjọba ti tẹ̀ ẹ́ ní 1953, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, inú ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ. Kánò ní ọ́fíìsì ìjọba fún ìtàn àti àṣà, ó ní ilé ọnà Gidan Makama, ó ní yunifásítì. Kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní Haúsá, ní Yorùbá àti ní Ìgbò, ní bébà pẹlẹbẹ tí owó rẹ̀ kò wọ́n, kí wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ girama kọ̀ọ̀kan ní Sabon Gari àti Fagge lẹ́dà tirẹ̀, kí wọ́n sì fi àwòrán ilẹ̀ àdúgbò náà bí ó ti rí ní 1953 sí ẹ̀yìn rẹ̀.